Ṣẹ̀fíátù Jogún Ọkọ Rẹ̀

Ẹni tó bá rí Rasheedah lọ́jọ́ Iléyá yẹn, tó wọ bùbá tuntun, tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò rò pé ẹran ló tìtorí rẹ̀ wá sí Malali. Ẹran kọ́. Ẹ̀san ló wá gbà.

Ilé Alhaji Jimoh, àbúrò bàbá rẹ̀, ní Malali yìí ni gbogbo ẹbí wọn ará Ìlọrin tó wà ní Kaduna ti máa ń ṣọdún. Ilé ńlá ni, ògiri yí i ká, mai-gadi sì ń ṣọ́ géètì. Nígbà tí bàbá Rasheedah kú, Alhaji yìí kan náà ló gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá sílé wọn ní Kudenda, opó kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó fáànù, ó sì gbé máṣíìnì ìránṣọ tí Ṣẹ̀fíátù, ìyá Rasheedah, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà kó tó wọlé ọkọ. Obìnrin náà ń sunkún pé tòun ni.

Alhaji ní, “Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ohun tó bá wà nílé ẹ̀gbọ́n mi, ti ẹ̀gbọ́n mi ni.”

Ẹ wo ọkùnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà o! Kùránì tó ń kà láràárọ̀ fún opó ní ìpín tirẹ̀, ó sì fún ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dórí ogún, Alhaji gbàgbé Kùránì, ó rántí àṣà. Lọ́jọ́ fídáù, Rasheedah dìde níwájú àwọn àfáà, ó pè é ní olè, wọ́n sì fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Alhaji lé òun àti ìyá rẹ̀ jáde ní Kudenda, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Nasarawa, tí ìyá ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ran aṣọ oníbàárà, tí ojú rẹ̀ sì ń di bàìbàì. Máṣíìnì wà ní sítọ̀ Alhaji ní Malali, wọ́n to àpò ìrẹsì lé e lórí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Najeeb, ọmọ Alhaji, kò ní iṣẹ́ méjì ju eré orí kọ̀ǹpútà lọ. Èyí tó fẹ́ràn jù nígbà náà ni eré òwò àwọn òyìnbó ayé àtijọ́. Èèyàn yóò dá ìdílé sílẹ̀ ní ìlú etí òkun, yóò máa fi ọkọ̀ ojú omi ra iyọ̀ àti aṣọ, yóò gbéyàwó, yóò bímọ. Bí olórí ìdílé bá kú, arólé rẹ̀ ni yóò máa bá òwò lọ. Ìdílé tí òwò rẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn ti pàdánù nìyẹn. Najeeb fúnra rẹ̀ ló fi eré náà sórí kọ̀ǹpútà àlòkù Rasheedah, kó lè rí ẹni tí yóò máa nà. Ó sì ń nà án lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Rasheedah ń dá a ṣe nílé, ó ń wá ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà wọlé.

Lọ́jọ́ Iléyá náà, Najeeb tẹ́ kọ̀ǹpútà méjì sójú kan ní pálọ̀.

Ó ní, “Rashee, tí mo bá nà ẹ́ lónìí, wàá kúnlẹ̀ fún bàbá mi níwájú gbogbo ẹbí, wàá sọ pé irọ́ lo pa lọ́jọ́ fídáù.”

“Tí èmi bá nà ẹ́ ńkọ́?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Haba! Mú ohun tó bá wù ẹ́ nínú ilé yìí.”

“Máṣíìnì ìyá mi.”

Àdíját, ìyá Najeeb, wà lẹ́bàá ibẹ̀ tó ń gé ẹran sí ọ̀rá fún àwọn aládùúgbò. Ó gbójú sókè. “Ẹ̀yin ọmọ yìí, haramu ni tẹ́tẹ́ o.”

“Màmá, nǹkan wa ni mo ní kó dá padà. Tẹ́tẹ́ kọ́.”

Àdíját wo ọ̀nà sítọ̀, ó sì ń gé ẹran rẹ̀ lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Najeeb sọ olórí ìdílé rẹ̀ ní Najeeb, ó sì fi orúkọ bàbá rẹ̀, Jimoh, sọ àbúrò olórí náà. Ó ní kí bàbá òun lè máa bá òun ṣọ́ ilé. Ìdílé ahunṣọ ni ti Rasheedah. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin fún un, ó sọ ọ́ ní Ṣẹ̀fíátù. Nígbà tí ọmọ dàgbà, ó ní kí Najeeb wá fi ṣaya. Nínú eré yẹn, ẹbí ìyàwó ló ń san nǹkan fún ọkọ, Rasheedah sì fi odindi ọkọ̀ ojú omi lélẹ̀, tòun taṣọ inú rẹ̀.

“Kai!” ni Najeeb wí. “Ìyàwó tòun tọkọ̀? Kí ni mo tún ń wá?”

Bí ìgbéyàwó ṣe parí, eré ṣí ojú ewé kan, ó ní kí ọkọ sọ ẹni tí yóò jogún òun. Najeeb pa á dé láìkà á. Kí ló fẹ́ kà níbẹ̀? Ó ṣáà ní àbúrò. Ọmọ Ìlọrin wo ni kò mọ̀ pé àbúrò ló ń kó ogún ẹ̀gbọ́n? Rasheedah náà ti pa á dé bẹ́ẹ̀ rí ní Nasarawa, ohun tó sì rí pa á lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nínú eré yẹn, ọkùnrin tí kò bá bímọ, tí kò sì sọ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ ló ni gbogbo ẹ̀.

Rasheedah wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra iyọ̀. Ó ra gbogbo iyọ̀ ìlú tán, títí kò fi ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Àkókò ìjì ni. Àká Najeeb gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kùn.

“Olórí ìdílé lè fúnra rẹ̀ lọ ra iyọ̀ wá lókè òkun,” ni Rasheedah wí, “àfi tó bá ń bẹ̀rù omi.”

“Èmi? Ẹ̀rù omi?” Najeeb sì wọkọ̀.

Bí ọkọ̀ yẹn bá gúnlẹ̀ padà tòun tiyọ̀, ó tán fún Rasheedah nìyẹn, orúnkún rẹ̀ yóò kanlẹ̀ níwájú olè. Ó ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń lọ lójú òkun. Ìjì dé. Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, ó rì.

Najeeb ká apá mọ́ àyà. “Kò burú. Jimoh á gbà á.”

Ẹni tó yọ sójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe Jimoh. Obìnrin aláṣọ dúdú kan ni, Ṣẹ̀fíátù ọmọ ìdílé Rasheedah, gbogbo ọkọ̀, gbogbo àká àti ilé sì ti di tirẹ̀. Eré bi Rasheedah léèrè: àbúrò olóògbé wà nínú ilé, ṣé kó dúró ni àbí kó jáde?

“Rashee, dúró! Wallahi, má tẹ̀ ẹ́!”

Rasheedah rántí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Kudenda, tòun tàpò kan ṣoṣo lórí. Ó tẹ̀ ẹ́. Jimoh kékeré gbé àpò kọ́ èjìká, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ó dùn mọ́ Rasheedah ju ẹran ọdún lọ, kò sì fi pamọ́.

Najeeb fò dìde. “Ojóró ni! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ìyàwó kì í jogún ọkọ!”

Igbe yẹn ló mú Alhaji jáde láti yàrá. Rasheedah kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀ fún àbúrò bàbá rẹ̀. “Alhaji, ẹ kú ọdún. Mo ti na Najeeb. Ó ní kí n mú ohun tó bá wù mí, máṣíìnì ìyá mi ni mo mú.”

“Máṣíìnì wo? Ohun ẹ̀gbọ́n mi ni…”

Àdíját gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Alhaji, ẹ̀rọ ìlọta mi, èmi ni mo rà á. Fíríìjì yẹn, èmi ni. Àbúrò yín wà ní Ìlọrin, òun náà mọ ibi tí wọ́n ti ń háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Tí ẹ bá kú, ṣé ó máa wá kó wọn ni?”

“Àdíját! Lọ́jọ́ ọdún!”

“Mo bi yín ni.”

Alhaji wo Najeeb, Najeeb ń wo ilẹ̀. Alhaji ní, “Gbé e fún un, kó máa lọ.”

Najeeb fúnra rẹ̀ ló wọ́ àpò ìrẹsì kúrò, tó gbé máṣíìnì kọjá níwájú mai-gadi, tí òógùn ń bọ́ lára aṣọ ọdún rẹ̀. Rasheedah kò bá a gbé e. Ó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́.

Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Napep. Ohùn Àdíját ń bọ̀ láti pálọ̀, ó ti ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Alhaji, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o!”

Oníkẹ̀kẹ́ tẹ fèrè pé kí àwọn máa lọ. Rasheedah ní kó ṣe sùúrù díẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ohun tí Alhaji máa fi dáhùn.