Iye Tí Wọ́n Ń Dá Lé Ẹsẹ̀ Wíwú

Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, Sàlàhúdíìnì ti díyelé àìsàn mẹ́rìnlá. Ibà kò tà. Inú rírun kò pé. Ìtọ̀ ṣúgà ń tà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín! Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó rí ẹja ńlá lórí àtẹ.

"Mọ́nsúrù, wá wo nǹkan. Ẹni tó bá tẹ ìpolówó lójú ewé kíndìnrín, ìlọ́po mẹ́wàá ti ibà ni wọ́n ń san fún wa."

Mọ́nsúrù, tí wọ́n jọ háyà yàrá náà lókè ṣọ́ọ̀bù alátáyà ní Láfẹ́nwá, kò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ara aráyé yá nígbà náà."

"Àmín," ni Sàlàhúdíìnì wí, kó tó rántí ohun tó ń ṣe àmín sí.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ̀rọ kan wà tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti iye tí àwọn apolówó ọjà ń dá lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó bá gbówó lórí, Sàlàhúdíìnì á kọ àpilẹ̀kọ lé e lórí ìkànnì wọn, ìpolówó á sì ṣù bò ó bí eṣinṣin. Kò kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Báńkì ló ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tó ń jáde nílé lágogo mẹ́rin ìdájí lójoojúmọ́, kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láti di ọ̀gá ara rẹ̀. Nítorí àìmọ̀ ìṣègùn yìí ló fi hùmọ̀ dókítà kan: Dókítà Jedidiah Ògúnrìndé, bàbá onírun funfun tí Sàlàhúdíìnì ra àwòrán rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ náà dún létí rẹ̀ bíi ti ẹni tó kàwé rékọjá òkun. Ó tilẹ̀ ní kí ẹ̀rọ bá òun tú gbogbo àpilẹ̀kọ náà sí Yorùbá, kí ojú ewé lè pọ̀. Nígbà míì tó bá ń kà wọ́n, òun alára máa ń gbà pé dókítà náà gbọ́n.

Ó ṣí àkójọ ohun tí àwọn òǹkàwé ń tẹ̀ sínú àpótí ìbéèrè orí ìkànnì náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun tó lè pawó ti máa ń yọjú. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń lo àpótí náà bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. *Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Aláró ni mí, ìdúró pọ̀ nínú iṣẹ́ wa. Mo ń mu omi irun àgbàdo tí ẹ ní kí a máa mu, ẹsẹ̀ ṣì wú. Ṣé kí n fi kún un?* Ìgbà kọkànlá rèé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi gbólóhùn náà dán ẹ̀rọ wò. Òdo ni iye rẹ̀. Ó fò ó.

Fóònù rẹ̀ dún. Sìlífátù àbúrò rẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá o. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ń retí Màámi nílé ìwòsàn, àmọ́ Màámi láwọn ò lọ."

Ọ̀kadà ló gbé e dé Ìtòkú. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Ràhámátù, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé àpótí. Wọ́n ti wú débi pé okùn bàtà fa ilà sí wọn lára. Aró ti wọ èékánná rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgò omi pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde, ọkọ̀ ti wà níta."

"Kó máa lọ. Mo ti ní dókítà tèmi." Ó na fóònù sí i. Bàbá onírun funfun ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Sàlàhúdíìnì. "Òun ló ní hóró oògùn ilé ìwòsàn yẹn ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ó ti lé lógún ọjọ́ tí mo ti pa á tì. Kì í ṣe mùsùlùmí o, àmọ́ ó mọ Ọlọ́run. Wo irun orí rẹ̀."

Sàlàhúdíìnì rántí lẹ́tà àárọ̀ yẹn. Aláró pọ̀ l'Abẹ́òkúta. Kò rò ó kan ilé.

"Màámi, èmi ni mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. "Ìwọ? Ìwọ tó ṣe ìdánwò báyọ́lọ́jì lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Sàlàhú, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ọ́, ṣùgbọ́n má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Sìlífátù wí, "ẹ jẹ́ kí àwàdà yìí di ọjọ́ mìíràn."

Ó dùn ún. Èyí tó burú jù ni pé, kí ẹ̀rù ẹsẹ̀ náà tó bà á, àìgbàgbọ́ wọn ló kọ́kọ́ dùn ún.

Ó jáde sẹ́yìnkùlé, ó dúró láàárín àwọn ìkòkò aró. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àmọ́ ta ló mọ̀ pé ó lè fo òun kọjá lọ bà sára ìyá òun? Ó fi fóònù rẹ̀ pa àpilẹ̀kọ kíndìnrín rẹ́ látòkè délẹ̀. Ó kọ òmíràn sípò rẹ̀, láìbéèrè iye ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹ̀rọ:

*Ẹ̀yin aláró tó ń kọ̀wé sí mi, mo ṣàṣìṣe. Ẹ da omi yẹn nù. Ẹ lọ bá dókítà yín lónìí, ẹ má ṣe dúró jẹun ọ̀sán.*

Ó padà wọlé. "Màámi, ẹ tún dókítà yín wò. Bóyá ó ti dá yín lóhùn."

Ìyá rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ètè rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Sìlífátù, bá mi mú ìborùn mi." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé o rí ọ̀mọ̀wé gidi? Ó gbà pé òun ṣàṣìṣe."

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Àlhájà Ràhámátù fún àyẹ̀wò, wọ́n sì mú òun àti Sìlífátù wọ yàrá inú. Wọn kò tíì sọ nǹkan kan. Sàlàhúdíìnì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Mọ́nsúrù ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin: *Ta ló pa kíndìnrín rẹ́? Èyí tó ń bọ́ wa gan-an!* Àpótí ìbéèrè ló ṣí.

*Dókítà, mo ti dé ilé ìwòsàn. Ẹ ṣeun. Ọmọ mi ọkùnrin ló mú mi wá. Ẹ bá mi fi sínú àdúrà, ó máa ń parọ́ díẹ̀.*

Ó kà á títí ojú rẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ẹlòmíràn tó ti kọ̀wé nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ẹ̀rọ ti díyelé ní òdo, tí wọ́n ń kí Dókítà kí wọ́n tó béèrè nǹkan.

Wọ́n pọ̀.