Ọwọ́ Àgbà Kò Kan Etí

Ọmọ ọwọ́ kan tí kò tíì hu eyín ni ó jókòó sórí àga olùṣọ́ géètì, òun ni ó sì ń yẹ àwọn àgbà wò kí wọ́n tó wọlé. Ìbídùn tò sórí ìlà bíi ti gbogbo ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dá jẹ́léósinmi náà sílẹ̀ ní Gbọ̀ngán, òun ni ó ra géètì, òun ni ó yan ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ́ síwájú. Ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an jẹ́ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wọ kóòtù. Pásítọ̀ kan ni ó ṣáájú ìyẹn. Oníkálukú ní láti gbé apá ọ̀tún kọjá lórí kí ìka rẹ̀ kan etí òsì, bí a ti máa ń ní kí àwọn ọmọdé ṣe láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ilé-ìwé í lọ.

Pásítọ̀ gbìyànjú títí, ó kàn án, ó wọlé. Apá alábòójútó kò kọjá àtàrí.

"Ẹ ò tíì kéré tó, sà," ni ọmọ ọwọ́ náà wí, ó sì nu itọ́ ẹnu rẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Alábòójútó dúpẹ́, ó yí padà, ó ń sunkún lọ. Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ àgbàlagbà má kan etí ara rẹ̀, Ìbídùn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àyà rẹ̀ já.

Ì bá ti yà kúrò lórí ìlà kí ó máa lọ sílé, bí kì í bá ṣe ti Ẹwàtómi. Ẹwàtómi ni ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ó ń sáré, ó ń gun àga, ó ń fa ológbò nírù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò tíì ti ẹnu rẹ̀ jáde rí. Dókítà ti wo etí rẹ̀, ó ti wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Kí ìyá máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní A, B, D, kí ọmọ tirẹ̀ má sì lè pe "Mọ́mì"! Ìtìjú ni fún Ìbídùn, ẹ̀rù tí ó sì ń bà á pọ̀ ju ìtìjú náà lọ.

Àmọ́ láti orí ìlà, ó rí Ẹwàtómi lójú fèrèsé kíláàsì. Ọmọ náà dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn, ó ń na ọwọ́, àwọn ọmọ yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn sáré lọ fi etí lé gíláàsì fèrèsé, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ má bínú, mà," ni gíláàsì náà wí. "Mo ń jẹun lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ rẹ̀ ni gíláàsì ń jẹ. Ìbídùn padà sórí ìlà. Agogo tí ó so rọ̀ lára igi máńgòrò ti ń mi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà lórí ìlà ni ó sì mọ̀ pé bí ó bá ti dún, ilé-ẹ̀kọ́ yóò di títì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ yóò tán síbẹ̀. Ìbídùn ní láti wọlé lọ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kí agogo tó dún.

Nígbà tí ó kàn án, ó gbé apá sókè. Ìka rẹ̀ dé iwájú orí, ó dúró. Ó tún un ṣe, orí náà sì tún tóbi sí i lábẹ́ apá rẹ̀, ó ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n po ìwúkàrà mọ́.

"Ẹ ò tíì kéré tó, mà," ni ọmọ ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹrù ló rù wá síléèwé," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ìbídùn, sọ̀ ọ́."

Ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n ti sin ín kí Ìbídùn tó lóyún Ẹwàtómi. Ìró tí wọ́n fi sin ín ni ó ró, ara rẹ̀ sì le ju ti ọjọ́ tí ó fi kú lọ. Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán mà." Ìyá rẹ̀ bọ́ síwájú. Ó gbé apá kọjá lórí, ó fa etí òsì bí ẹni pé eré ni, ọmọ ọwọ́ sì ṣí géètì fún un. Òkú kì í ru nǹkan kan sórí mọ́.

Ìbídùn tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń gbọ̀n ọ́n. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde létí rẹ̀ ni A, tí ó wọ sálúbàtà, lẹ́yìn náà B, lẹ́yìn náà D, wọ́n tò lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó. "Ẹ dìde!" jáde. "Ẹ jókòó!" jáde. "Ẹ ká apá gbera!" jáde, òun àti "Ẹ fi ìka lé ètè!" bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn káàkiri ọgbà bí adìyẹ. Pàṣán kan jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ènìyàn, ó béèrè ibi tí ilé ìtọ̀ wà. Ìbídùn kò mọ̀ pé gbogbo ìwọ̀nyí wà lórí òun. Ẹnu yà á débi pé ó gbàgbé láti pa á dé. Orí rẹ̀ ti kéré nígbà náà, ó gbé apá kọjá, ìka rẹ̀ kan etí, etí náà tutù.

Kò sí tábìlì tíṣà nínú kíláàsì. Kò sí pátákó ìkọ̀wé. Àwọn àgbà tí ó ti ráyè wọlé fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ń wo ẹnu ara wọn. Pásítọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan dákun sọ fún òun bóyá kí òun jókòó. Ọmọdébìnrin kan tí ó ń rákòrò wá sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbójú sókè, ó bi í pé, "Kí ló wù yín, sà?" Pásítọ̀ wá ohun tí ó wù ú nínú àpò ẹ̀wù, ó wá a nínú àpò ṣòkòtò, kò rí nǹkan kan. Ó bú sẹ́kún. Ìbídùn mọ ohun tí ó wu òun, ó kàn ń wá ẹni tí yóò bi òun ni.

Alángbá kan sáré kọjá, ọmọdébìnrin náà sì fi pásítọ̀ sílẹ̀, ó rákòrò tẹ̀ lé e. Bí ó ti ń lọ ni ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ibi tí ọmọ bá yà sí ni kíláàsì ń yà sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń pè é padà. Wọ́n la ọjà kọjá. Wọ́n gba inú ilé ìdáná tí ìyá Ìbídùn ń lò nígbà ayé rẹ̀, ìkòkò ẹ̀wà ṣì wà lórí iná. Etí odò ni alángbá wọ ihò sí, ibẹ̀ náà ni kíláàsì dúró sí. Àwọn àgbà di ara wọn mú, èébì ń gbé alábòójútó tí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó wọlé.

Ìyá rẹ̀ jókòó sínú iyanrìn pẹ̀lú àwọn ọmọ ọwọ́, ó ń bu omi láti inú ife kan sí òmíràn.

"Kí lẹ ń kọ́, mà?" ni Ìbídùn bi í.

"Omi," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Láti ọjọ́ tí mo ti kú la ti wà nídìí ẹ̀. Kò tíì sú ẹnikẹ́ni."

Ibẹ̀ ni Ẹwàtómi ti já ara rẹ̀ gbà láàárín àwọn ọmọ, ó ń bọ̀ wá bá ìyá rẹ̀. Ìbídùn kúnlẹ̀ sínú omi, ó na apá méjèèjì. Ọmọ náà la ẹnu.

"Ẹ káàsán mà," ni ó wí. "Mo wà dáadáa mà. Mo fẹ́ mu omi mà. Mo ti yó mà. Ẹ ṣé mà."

Ohùn náà tínrín, ó ń ta sínú imú. Ìbídùn mọ̀ ọ́n. Tirẹ̀ ni. Ohùn tí ó máa ń fi bá Ẹwàtómi kí ènìyàn láti ìgbà tí ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bí ẹnì kan bá ní, "Ẹwàtómi, ṣé dáadáa ni?" Ìbídùn á tín ohùn, á ní, "Ó ní dáadáa ni mà." Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, ìyá ní í bá a sọ ọ́. Àmọ́ Ìbídùn á tún bi í pé ṣé ó fẹ́ omi, á sì dáhùn fúnra rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ omi. Á bi í pé ta ló fọ́ abọ́, á tún dáhùn ìyẹn náà. Ọdún mẹ́ta ni ohùn tínrín yìí ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ẹnu ọmọ ni ó sì fi ṣe ilé. Ìbídùn fẹ́ kígbe. Kò sí ohùn kankan lọ́fun rẹ̀.

Ẹwàtómi ti ìka bọ ẹnu, ó fa ohùn náà jáde. Ó rí bí òwú. Ó fà á, ó fà á, kò tán, àwọn ọmọ ọwọ́ bá a dì í mú, wọ́n ń ká a sínú agolo mílíìkì. Nígbà tí ó tán, Ẹwàtómi gbé agolo náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó nu ẹnu, ó fa èémí sínú, ògiri kíláàsì sì tẹ̀ wọlé pẹ̀lú èémí náà. Orí igi máńgòrò, agogo ti ń mì gan-an.

Gbogbo àwọn àgbà tí wọ́n ti dá padà ní géètì kó orí wọlé lójú fèrèsé. "Sọ pé ẹ káàsán mà!" ni wọ́n ń ké. "Sọ A! Sọ B! Ṣé ìtìjú ń mú ọ ni?" Inú agolo pàápàá ti bẹ̀rẹ̀: "Ó ní ẹ káàsán, ó ní..." Ìbídùn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu agolo. Ohùn tirẹ̀ bù ú jẹ. Ó dùn ún wọ eegun, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Jẹ́ kó pẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń bu omi. "Kó pẹ́ bó ṣe wù ú."

Ẹwàtómi ṣí ètè. Agogo dún.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìbídùn ta jí lórí ibùsùn, òógùn bò ó. Adéṣínà, ọkọ rẹ̀, dúró tì í, ó gbé Ẹwàtómi sápá, bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́.

"Kí Mọ́mì," ni ó wí fún ọmọ. "Sọ pé, ẹ káàárọ̀ mà."

Ó dúró bí ó ti máa ń dúró, èyí tí kò tó kí ènìyàn fi ṣẹ́jú, ó sì tín ohùn: "Ó ní ẹ káà..."

Ìbídùn na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Adéṣínà dúró láàárín ọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Ẹnì kan ń gbá àgbàlá lóde, wọ́n gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́. Ẹwàtómi yíjú sí ẹnu baba rẹ̀, ó wò ó dáadáa bí ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tán.

"Rárá," ni ó wí.

Ohùn náà nípọn, ó há díẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ nínú ilé náà rí. Adéṣínà rọra gbé e sílẹ̀, bí ẹni tí ó ṣèèṣì gbé ọmọ ọlọ́mọ.