Agbọ̀n Kòkó Tó Wà Lórí Àwẹ̀ró

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ mú ìwé yìí dání, ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ kà á, ẹ kú ìsinmi. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àlá ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo lá a, mi ò yá a lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Mo lá àlá náà lọ́sàn-án àná, lẹ́yìn tí mo jẹ iṣu tán tí ara mi wúwo. Kì í ṣe òru rárá.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ gbọ́ èyí ná. Mo fẹ́ràn sinimá òótọ́. Èyí tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀ ni mò ń sọ, tí wọ́n kàn gbé kámẹ́rà lọ bá èèyàn tàbí ẹranko níbi tó gbé ń ṣe tiẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, Kíkẹ́lọmọ, ló ra tẹlifíṣọ̀n fún mi. Àwọn tó kù nílé lè máa wo èyí tí ìyálé ti ń bu májèlé sọ́bẹ̀ ìyàwó. Èmi, ẹ jẹ́ kí n wo eèrà mi.

Ó dáa. Nínú àlá yìí, mo rí ọ́fíìsì kan tó léfòó lókè abà wa, abà Olórombó. Ó ga tó ọ̀pẹ. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi obì kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mo di okùn náà mú.

Okùn ní, "Ta ni?"

Mo ní, "Èmi Láṣebìkan ni."

Ó ní, "Ẹ di ara yín mú dáadáa o, àwọn àgbà máa ń já bọ́." Ló bá fà mí gòkè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kò tọ́pẹ́.

Inú ọ́fíìsì yẹn, fíìmù ni láti ilẹ̀ dé àjà, àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n ká roboto bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ọ̀gá kan jókòó láàárín wọn, ó wọ kóòtù, ó de táì. Ó ní Adésùúyì lorúkọ òun, pé òun ni ìjọba ní kó ṣa sinimá òótọ́ tó yẹ kí aráyé máa wò. Èyí tó bá yẹ, ó máa wọ dúrọ́ọ̀. Èyí tí kò bá yẹ, wọ́n máa sọ ọ́ nù.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ti wo púpọ̀. Ẹ dárúkọ èyí tó dáa."

Mo ní, "Ẹ kọ ti erin sílẹ̀, sà. Àwọn erin kan ń lọ, wọ́n dé ibi tí egungun ìyá wọn wà, wọ́n bá dúró. Wọn ò jẹun, wọn ò mumi. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́jà kan egungun náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá ara rẹ̀ ń gbóná."

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, erin kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó buwọ́ lùwé, ó lọ jókòó.

Mo ní, "Ẹ kọ ti bàbá ìlú òtútù náà. Ó gbẹ́ ihò sójú omi tó dì, ó jókòó ti ihò yẹn láti àárọ̀ nítorí ẹja kan. Nígbà tó mú un, ó kọ́kọ́ bẹ ẹja náà pé kó má bínú."

Ni yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí tábìlì. Ọ̀gá Adésùúyì fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ó tó báyẹn, Bàbá, kí òtútù má pa wá. Èyí wo ló kù?"

Mo ní, "Èyí tó kù ni ti kòkó. Èyí tí wọ́n yà ní abà wa."

Ó ní, "A ò ní in níbí." Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló wà! Irọ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tán tí irùngbọ̀n fi yọ sí i, ìwo méjì tẹ̀ lé e, etí rẹ̀ gùn. Ó di òbúkọ pátápátá, táì wà lọ́rùn rẹ̀ síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìnira, sà."

Ó ní, "Kò burú. Ó máa ń ṣe wá báyìí tó bá ti di ọ̀sán." Ó tú fíìmù kòkó yẹn, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, kò parí. Obìnrin kan ru agbọ̀n, ó dúró sójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Àwa kì í tọ́jú èyí tí kò parí." Ló bá fi eyín mú etí fíìmù náà, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ewé gbágùúdá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi ni obìnrin yẹn. Àwẹ̀ró.

Ọdún kejì tí mo gbé e níyàwó ni àwọn onísinimá ti Ìbàdàn wá. Wọ́n fẹ́ ya bí a ṣe ń fọ́ kòkó, bí a ṣe ń rù ú lọ síbi tí a ti ń bò ó mọ́lẹ̀ kó kan. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró máa ru agbọ̀n kòkó tútù bọ̀. Oyún Kíkẹ́lọmọ ti pé oṣù méje nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ní kó padà sẹ́yìn, kó tún rìn bọ̀. Olórí wọn fi igi fa ìlà sílẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá ìlà, kó má baà ba àwòrán jẹ́. Nígbà keje, Àwẹ̀ró dúró, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ sọ̀ mí." Ó fẹ́ kí n bá òun gbé ẹrù kalẹ̀. Mo wo ojú olórí wọn, ó mi orí pé rárá. Mo dúró sẹ́yìn ìlà, èmi géńdé! Ọmọdé tó ń kọjá lọ, tí èèyàn bá ní kó sọ òun, ṣe ló máa dúró kó sọ̀ ọ́. Àwẹ̀ró ò bá mi jà. Kò tilẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí títí ó fi kú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gé sinimá yẹn sí.

Kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé. Kì í yà á, ó ní kámẹ́rà máa ń wo èèyàn bí àlejò tí kò kí ni. Nígbà tí a fẹ́ sin ín, fọ́tò àbúrò rẹ̀ la lẹ̀ mọ́ ògiri. Àbúrò yẹn jókòó sábẹ́ fọ́tò ara rẹ̀, àwọn èèyàn ń bá a kẹ́dùn.

Mo kúnlẹ̀ fún òbúkọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ ẹ́. Mo mọ ìdí tí kò fi lọ. Kò rẹ́ni sọ̀ ọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n wọ inú fíìmù náà."

Òbúkọ ń jẹun lọ. Ó ní, "Ìlà wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá ìlà sọ ọ́."

Ilẹ̀ ọ́fíìsì di oko kòkó. Mo rí ìlà yẹn lórí ilẹ̀, ó ti darúgbó, ó wọ́. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fẹ́ kọjá."

Ìlà ní, "Ẹ̀yìn ń yún mi láti gbogbo ọdún yìí wá, ẹnì kan ò họ ọ́ fún mi. Gbogbo yín ń bẹ̀rù mi. Ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù mi."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo họ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Láṣebìkan, ìlà tí wọ́n fi igi fà lásán ni mí o. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ̀ bá ti gbá mi nù."

Mo gbójú sókè. Òbúkọ ti jẹ igi kòkó inú fíìmù náà tán, ó ti jẹ ilé, ó ti kù díẹ̀ kó dé ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Mo kọjá ìlà. Àwẹ̀ró ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Èmi, bí mo ṣe rí yìí náà ni, pẹ̀lú orúnkún mi tó máa ń dùn mí.

Ó wò mí. Ó ní, "Ah! Ta ló da ẹfun sí yín lórí?"

Mo ní, "Ewú ni."

"Ẹ wá pẹ́ tó báyẹn? Ẹ sọ̀ mí jàre, ọrùn ti ń dùn mí."

Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo di agbọ̀n mú. Ó wúwo o. Bí mo ṣe ń gbé e bọ̀, omi kòkó dídùn yẹn dà sí mi lọ́rùn, ó tutù, ó ń ṣàn wọ ẹ̀yìn mi. Mo gbé e kalẹ̀. Òṣùká orí rẹ̀ ní, "Ẹ ṣé o." Àwẹ̀ró na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì. Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mo rí ọ, mo sì dúró."

Ó ní, "Èmi náà rí yín. Omijé wà lójú yín lọ́jọ́ náà. Èmi kúkú ti gbàgbé. Ẹ sọ fún mi, kí ni mo bí?"

"Obìnrin. Kíkẹ́lọmọ. Ẹnu rẹ̀ mú bíi tìẹ."

Inú rẹ̀ dùn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ló bá dìde, ó gbọn aṣọ, ó gba ọ̀nà odò lọ láìru nǹkan kan, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì fàà bó ṣe ń rìn. Mo ń wò ó títí igi fi bò ó.

Òbúkọ dá ẹnu dúró. Ó húkọ́, ó ní, "Ó ti parí báyìí." Ó fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ sí ìyókù fíìmù náà, ó jù ú sí dúrọ́ọ̀.

Ni mo bá jí. Omi ń kán sí mi lọ́rùn, ó ń ṣàn wọ ẹ̀yìn mi. Òjò ọ̀sán ni, ó ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Kíkẹ́lọmọ sáré wọlé. "Bàbá! Òjò ń pa yín lórí bẹ́ẹ̀dì! Àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ wá sùn síbẹ̀? Ẹ sún, kí n ti fèrèsé."

Mo ní, "Fi í sílẹ̀ díẹ̀ ná, ìyá mi."

Ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé ìdí, ó ń bá mi jà pé àìsàn lórí àìsàn ni mò ń wá. Mo jẹ́ kó jà tẹ́rùn.

Ó yá, ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi dé ibí, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́. Sinimá òótọ́ wo lẹ rò pé ó yẹ kí èèyàn wò kó tó kú? Tí ẹni yín kan bá sì wà nínú rẹ̀ tó ru ẹrù, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ kó hàn ketekete. Mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo lè bá yín sọ̀ ọ́.