Ẹ Máa Gbé E Lọ

Ẹ̀wà àná ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àpínkẹ́, arúgbó tó ti Ṣakí wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun ní Agbowó, jẹ abọ́ méjì bí ẹni pé eyín ṣì wà lẹ́nu òun, inú sì yí i. Ìyá ọmọ ti lọ ra oògùn. Ni Àpínkẹ́ bá tẹ́ Mánsúrù sórí ẹní, ó sáré wọ ṣáláńgá.

Nígbà tó jáde, ẹní ṣófo. Nùsírátù, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ọmọ ọdún márùn-ún, dá jókòó sídìí ògiri, ó ń fa àtàǹpàkò mu.

"Nùsí, àbúrò ẹ dà?"

"Wọ́n ní ṣé káwọn gbé e lọ, mo ní ẹ máa gbé e lọ."

"Ta ni?"

"Ìyá kan."

"Ìyá wo?"

"Bí mo bá sọ, ẹ máa lọ gbà á pa dà."

Àpínkẹ́ gbé ẹní náà, ó gbọ̀n ọ́n wò. Láti ọjọ́ ìkómọ, kò sí àlejò tí kì í dá àpárá kan náà: "Nùsí, màá gbé bèbí yín lọ o!" Òun gan-an ń dá a, a sì máa rẹ́rìn-ín bí ọmọ náà bá fajú ro. Ta ló mọ̀ pé Nùsí ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ lóòótọ́?

Ó já síta láìwọ bàtà, ìró lápá kan, ìdí lápá kan. Lọ́jọ́ mìíràn, òun ni ìbá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ń sáré lọ sí Bódìjà, táksí ń lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Nínú èwo ni wọ́n gbé e sí?

"Mánsúrù!" Ó ń pe ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ni yóò sọ fún ìyá ọmọ? Pé inú ló ń run òun?

Bó ti fẹ́ figbe ta, ó gbọ́ ẹkún ọmọ láti yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá Luke, ará ilé wọn, ló yọ sí i, Mánsúrù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kérora ní ṣáláńgá, mo ní ṣé kí n gbé ọmọ, Nùsí ní kí n máa gbé e lọ. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ rán an."

Àpínkẹ́ já ọmọ gbà, ó fọwọ́ tọ́ orí rẹ̀, àyà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rù di ìbínú. Ó yíjú, ó gbọ́wọ́ sókè.

Nùsí ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tọ̀ sára.

"Ìyá àgbà, ẹ má sọ fún màmí. Wọ́n á ní kí Ìyá Luke máa gbé èmi náà lọ."

Ọwọ́ wálẹ̀. Àpínkẹ́ jókòó gbì sílẹ̀, ó na apá tó ṣófo.

"Wá, ìyá mi."

Ọmọ náà wojú rẹ̀ bí ẹni ń wo odò tí kò mọ ibi tó jìn dé. Kò gbẹ́sẹ̀.