Kọ́kọ́rọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Kọ̀ Láti Rí

Oṣù mẹ́ta gbáko ni iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Seoul fi dán Tak Hye-rim wò, òní ni wọn yóò sọ bóyá wọ́n gbà á síṣẹ́ tàbí kó máa lọ. Láti kékeré ni ojú Hye-rim kò ti ríran. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kan, kò tó ìka, tó máa ń kì bọ ihò USB. Òun ni ẹ̀rí pé ó ti ra ohùn tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí i létí; ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá dé, ohùn náà kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kìíní, kò sẹ́ni tó yára dáhùn lẹ́tà oníbàárà tó o.

Àfi bí wọ́n ṣe kó gbogbo iṣẹ́ lọ sínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, èyí tí kò lára tí a lè fọwọ́ kàn, nítorí olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ohunkóhun tí a bá kì bọ ihò kò gbọdọ̀ dé inú ibẹ̀. Ohùn náà wá di àlejò tó dúró síta; gbogbo ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún kò ju àwòrán lásán lọ lójú rẹ̀. Bí Hye-rim bá ṣí lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbọ́: "Àwòrán." Ó ṣí òmíràn. "Àwòrán." Ẹ ò rí ayé bí? Ọgọ́rùn-ún lẹ́tà, àwòrán!

Ó tọ Bok, ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, òfin ni. Bí mo bá ṣí ihò fún yín, gbogbo ayé á ní kí n ṣí tiwọn."

"Ṣé gbogbo ayé ló fọ́jú ni?"

Bok rẹ́rìn-ín, ó bá oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ.

Lónìí, Ọ̀gá Maeng pè é sídìí tábìlì rẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. "Hye-rim, àbájáde rẹ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kà á, kí o fọwọ́ sí i pé o gbà."

Inú bí Hye-rim. Wọ́n de èèyàn lẹ́sẹ̀ tán, wọ́n ní kó sáré.

"Ọ̀gá, ẹ kà á fún mi. Ẹ kà á sókè."

"Níbí?"

"Ibí náà ni mo ti ṣiṣẹ́, sà."

Maeng wúkọ́. "'Ó lọ́ra. Kì í dáhùn lẹ́tà lásìkò.'" Gbogbo ẹni tó ń tẹ̀wé dáwọ́ dúró. "'Ó máa ń... ó máa ń yọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu pé kí wọ́n ka nǹkan fún òun. Kó máa lọ.'"

"Ta ló kọ ọ́? Orúkọ á wà nísàlẹ̀. Ẹ ka ìyẹn náà."

Maeng ka orúkọ ara rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ríran níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wo ojú Ọ̀gá Maeng.

"Mi ò gbà," ni Hye-rim wí. "Ẹ bá mi kọ ìyẹn sábẹ́ orúkọ yín."