Ihò Oníràwọ̀

Tíkẹ́ẹ̀tì náà tutù rinrin fún itọ́. Ìyá Géètì fi ìka méjì gbà á, bí ẹni mú ìrù òkú eku.

“Bàbá, ẹnu lẹ tún fi há tíkẹ́ẹ̀tì?”

“Ẹrù ló kún ọwọ́ mi, ìyá wa. Ẹ má bínú.”

Láti àárọ̀ tí ọkọ̀ ojú irin ti ń tú èrò sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kó itọ́, òógùn àti irọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹnìkan ń díbọ́n pé òun yadi. Òmíràn tó wọ kóòtù fo géètì bí ọ̀bọ, ó tún ní kí Ọlọ́run bù kún un.

Ó gbé irin tó fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì sókè. Olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ló ní ihò tirẹ̀. Tirẹ̀ dà bí ìràwọ̀. Ọjọ́ kì í sí lára tíkẹ́ẹ̀tì, ihò nìkan ló ń sọ pé wọ́n ti lò ó. Tó bá ti lù ú tán, yóò jù ú sínú àpò tí wọ́n máa dáná sun nírọ̀lẹ́.

Nǹkan kan rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ṣí kúrò. Bébà tí ẹnìkan rún lẹ́nu ni, wọ́n fi dí ihò kan. Ihò náà dà bí ìràwọ̀.

“Àgbàlagbà bíi tiyín! Ẹ ò tijú?”

“Ìyá, ẹ jẹ́ kí bàbá gbé e mì!” ni ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín sì ta.

“Mo rà á ni,” ni bàbá wí. “Ọkùnrin kan ló ń tà á ní pọ́ọ́kú lẹ́yìn ọgbà.”

Ìyá Géètì wo bébà tó lẹ̀ mọ́ ọn níka. Yíǹkì pupa wà lára rẹ̀, ìdajì nọ́ńbà kan.

Kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà lára ògiri ilé rẹ̀, ewé kan fún ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n fi pupa tẹ̀. Tí àwọn bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, ọkọ rẹ̀ á fa ewé àná ya, á jù ú sẹ́nu, á máa rún un.

“Ìwọ ewúrẹ́ yìí!” ni Ìyá Géètì máa ń wí.

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dùn lẹ́nu,” lọkọ rẹ̀ máa ń dáhùn. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ yìí kan náà ló ní èéfín ń yọ ọ́ lẹ́nu láyà, kó máa gbé àpò tíkẹ́ẹ̀tì wálé, òun á máa bá a sun ún. Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìyẹn. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

“Ìyá Géètì, ṣé ká mú bàbá yìí?” Ọ̀gá ti dé, ọlọ́pàá kan tẹ̀ lé e.

Tó bá tún fi irin tẹ ojú ibẹ̀, tó jù ú sápò, ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè.

Ó sọ irin kalẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó ná, ọ̀gá. Ihò mi ni. Ilé mi ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Ó na ìka náà síwájú, jìnnà sí aṣọ rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń nu itọ́ àwọn èèyàn dànù. Èyí nìkan ni kò mọ ibi tí yóò nù ún sí.