Ọgọ́ta Orúkọ Lábẹ́ Pósítà Kan

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n gba yàrá Gizela, ẹni tí a jọ ń hunṣọ. Ó ti lo oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun fòfin dè. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ wa ló ni yàrá náà, wọ́n sì ti kọ̀wé pé bí oṣù bá parí, ẹlòmíràn ni yóò kó wọ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti wú, kò sì sí ibòmíràn tó lè lọ ní gbogbo ìlú Łódź.

Feliks, tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, ṣe pósítà mẹ́wàá: ojú Gizela, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má gba yàrá rẹ̀." Wọ́n ti fa mẹ́sàn-án ya kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Bébà ti tán, yíǹkì ti tán. Mo sọ fún Feliks pé ẹ̀kẹwàá kò gbọdọ̀ ṣòfò. Ògiri ẹnu géètì ni yóò lọ, ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ bá ń jáde.

Mo bẹ obìnrin mẹ́rin pé kí wọ́n tò síwájú ògiri bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, kí wọ́n lè bò mí. Ní ìlú wa, ọjà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tí ìlà ń yà lẹ́nu. Èmi wà láàárín wọn àti ògiri, mo ń fi ìyẹ̀fun tí mo sè lẹ pósítà. Mo ti lẹ igun mẹ́ta nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan.

"Ta ló kẹ́yìn níbí?"

Apolonia ni, ìyá àgbà tó ń ká òwú ní yàrá kejì. Àwọn mẹ́rin wojú ara wọn. Ọ̀kan ní, "Èmi ni."

"Kí ni wọ́n ń tà?"

"A ò tíì mọ̀, Màmá."

"Ó dáa náà. Mo wà lẹ́yìn ẹ."

Àwọn mìíràn sì ń dé.

"Wọ́n ní bàtà ni."

"Bàtà kẹ̀! Bébà ilé ìyàgbẹ́ ni. Àbúrò mi rí ọkọ̀ tó kó o."

"Ẹ má tì mí o!"

"Ta ló ń tì ẹ́? Ikùn mi ló máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo."

Kí ìdajì wákàtí tó pé, wọ́n ti tó ọgọ́ta. Ìlà há mi mọ́ ara pósítà, n kò lè kúrò níbẹ̀. Apolonia wo ẹ̀yìn, ó mi orí. "Bí a ò bá kọ orúkọ, ìjà ló máa gbẹ̀yìn èyí."

Bí a ti ń ṣe lórí gbogbo ìlà nìyẹn. Ó ya ewé kan nínú ìwé rẹ̀, ó kọ orúkọ gbogbo wa bí a ṣe tò, tèmi ló ṣáájú. Kí ẹni tó fẹ́ lọ gbé ìkòkò kaná lè padà wá wo ipò rẹ̀, ó lẹ ewé náà mọ́ ibi tí ìyẹ̀fun ṣì tutù, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú Gizela gan-an.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Ibo ni kí n wá lẹ̀ ẹ́ sí, iwájú orí ẹ?"

Ìgbà tí wákàtí kan pé ni Seweryn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, jáde. "Kò sẹ́ni tó ń ta nǹkankan níbí! Ẹ máa lọ sílé yín!" Ìlà tú ká, ojú gbogbo wọn sì bọ́ sára ògiri. Wọ́n kà á. Wọ́n gbé báàgì òfìfo wọn, wọ́n lọ wọ ọkọ̀. Seweryn ya pósítà àti orúkọ pa pọ̀, ó kó wọn wọ ọ́fíìsì lọ. Ọgọ́ta obìnrin. Èmi ni mo fi wọ́n lé ọ́fíìsì lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà pè mí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Ẹ kó ọgọ́ta ènìyàn jọ láti fọwọ́ síwèé nítorí Gizela."

"Èmi nìkan ni mo lẹ̀ ẹ́, ọ̀gá. Àwọn yòókù ń tò láti ra nǹkan ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ rà lọ́wọ́ ògiri?"

"Wọn ò mọ̀."

"Leokadia, ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

Ó ní kí wọ́n pe Apolonia wá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bó bá ṣáà ti lè sọ pé bàtà lòun tò fún, òun àti gbogbo wọn bọ́ nìyẹn.

"Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ wọ̀nyí?"

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná." Ó jókòó. Ó wo ojú Gizela tó ti ya sí méjì lórí tábìlì. "Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ọmọ yìí."

"Leokadia ní ọjà lẹ̀ ń tò fún."

"Ọjà wo? Ọ̀gá, wákàtí kan gbáko ni mo fi wà lórí ìdúró, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ẹ̀ ń wò yìí. Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ pé lásán ni?"

Ọ̀gá fa ìwé orúkọ náà mọ́ra. Aṣọ tí ìjọba ní ká hun lóṣù náà kò tíì tó ìdajì, ọ̀gá kò sì lè lé ọgọ́ta ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti ìwé náà sínú àpótí tábìlì. Ó ní ìyá Gizela lè dúró nínú yàrá náà títí òtútù yóò fi lọ, ó sì yọ èmi àti Apolonia kúrò lára àwọn tí ilé iṣẹ́ máa rán lọ sinmi létí òkun lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ ṣeun."

"Fi mí sílẹ̀. Ẹ̀rọ mi ti dúró láti àárọ̀."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo lọ sọ fún ìyá Gizela. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán.

"Wọ́n sọ ìgbà tí ọmọ mi máa dé?"

"Rárá, Màmá."

Ó mi orí. "Ti ilẹ̀kùn yẹn. Ooru ń jáde lọ."